Má Fi Góòlù Wọn Mikel: Àwọn Àṣìṣe Tí Àwa Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Máa Ń Ṣe

Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo máa ń lọ n'Ìbàdàn, ọdún mélòó kan gbáko ni mo fi gbọ́ ìbéèrè kan náà: "Kí ni Mikel yìí ń ṣe gan-an?" Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi làwọn tó ń bèèrè, olólùfẹ́ Chelsea paraku sì ni wọ́n. Ó máa ń dùn mí wọra. Láti 2006 títí di oṣù kìíní 2017, ìgbà 372 ni John Obi Mikel gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea, góòlù 6 péré ló sì gbá wọlé. Ẹni tó bá fi góòlù 6 yẹn wọ̀n ọ́n ti ṣi ìwọ̀n gbé.

Má fi góòlù wọn ẹni tí wọn ò gbé iṣẹ́ góòlù fún. Iwájú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea nígbà náà, fi Mikel sí. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kó dí ọ̀nà mọ́ alátakò, kó gba bọ́ọ̀lù, kó sì tètè fún ẹni tó máa gbé e lọ síwájú. Tó bá ṣe é bó ṣe yẹ, ewu tí ì bá ṣẹlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀, ojú ò sì lè rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, tó o bá ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àtijọ́, gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun nìkan ni kó o máa wò. Wo ibi tó ń lọ dúró sí nígbà tí Ashley Cole, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, bá sáré gòkè. Wo bó ṣe ń yíjú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí alẹ́ 19 May 2012 ní Munich, àṣekágbá Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Terry, Ivanović, Ramires àti Meireles ti Chelsea ò lè gbá a torí káàdì. Pápá Bayern tí wọ́n ń bá gbá fúnra wọn ni. Mikel àti Lampard ló di àárín mú fún 120 ìṣẹ́jú. Orí tí Drogba fi kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 88 ni gbogbo wa ń sọ títí dòní, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló dárúkọ Mikel lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Má sì fi ohun tó o fẹ́ kó jẹ́ bo ohun tó jẹ́ mọ́lẹ̀. Níbi ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ ní Netherlands lọ́dún 2005, Messi nìkan ni wọ́n gbé ṣáájú Mikel nínú ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ. Ẹ̀yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú ni Mikel ti ń gbá nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ò dárí ji Chelsea pé wọ́n yí i padà, òun la wá ń bínú sí.

Má dúró dìgbà tí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá lọ kó o tó mọyì rẹ̀. Lọ́dún 2003 tí Real Madrid ra Beckham, wọ́n jẹ́ kí Claude Makélélé, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Mikel, lọ sí Chelsea. Ipò kẹrin ni Real Madrid parí sí nínú líìgì sáà tó tẹ̀ lé e. Ní 2004-05, pẹ̀lú Makélélé, góòlù 15 péré ni Chelsea jẹ́ kó wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ líìgì.

Èyí tó burú jù lọ ni èébú. Lẹ́yìn tí Côte d'Ivoire na Super Eagles 2-1 níbi àṣekágbá ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan ní 11 February 2024, wọ́n bú Alex Iwobi, agbábọ́ọ̀lù àárín wa, débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà ló ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo la di ẹ̀bi ikọ̀ odindi rù. Ní ìdíje yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ló ti ń kùn sí Stanley Nwabali tó ń ṣọ́ ilé kó tó wọ pápá, àfìgbà tó mú pẹ́nátì méjì lọ́wọ́ South Africa ni wọ́n ń kọrin rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ yin irú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí, má kàn pariwo pé "ó gbìyànjú." Sọ ohun tó ṣe: bọ́ọ̀lù tó gbà ní ìṣẹ́jú 63, ibi tó sáré dé láti dí àlàfo. Pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́ kúrò lórí pápá, kódà tí ikọ̀ rẹ bá ń fìdí rẹmi.