Bí a ṣe bọ́ sìmẹ́ńtì kúrò lára ilé bàbá wa

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ní Iléṣà. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi àgbà. Owó aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri ni wọ́n fi kọ́ ọ, bíi ti àwọn Àgùdà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, òdòdó tí wọ́n mọ sára ògiri lókè fèrèsé. Àwọn Àgùdà yìí, tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó, ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí ògiri ìsàlẹ̀ ń wú tó sì ń já bọ́, àwọn kan nínú ẹbí ní ká wó o, ká fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìdààmú bá mi. Ilójò Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, ló wá sí mi lọ́kàn, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ lọ́dún 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Mo bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo jókòó ti àbúrò bàbá mi obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, mo gba ohùn wọn sórí fóònù. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ilẹ̀pa ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin ilé fi ń rẹ́ ògiri. Ìgbà tó yá ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó, kó lè lágbára.

Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, atẹ́gùn á sì gbẹ ẹ́. Sìmẹ́ńtì dí i, omi ò rọ́nà jáde, amọ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí a rò pé à ń tọ́jú la ń pa.

A kọ́kọ́ pààrọ̀ páànù tó ń jò, a sì gbẹ́ gọ́tà jìnnà sí ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù kékeré bọ́ sìmẹ́ńtì náà, láti ilẹ̀ dé ìbàdí ènìyàn. Ẹ má fi òòlù ńlá gbá a o, ògiri á bá a wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Mo bu ilẹ̀pa ẹ̀yìnkùlé sínú ìgò, mo bu omi sí i, mo mì ín, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ dúró lókè, ó sì pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ó máa sán. A fi iyanrìn kún un, a gé koríko gbígbẹ sí i, a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Oríṣi mẹ́ta la dán wò lára ògiri ẹ̀yìn. Èyí tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù ń gbọ̀n dànù, èyí tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ sán, ti àárín la mú. A wọ́n omi sí ògiri kí a tó rẹ́ ẹ. Ọyẹ́ fẹ́ gbẹ ẹ́ jù, la bá ta àpò tútù sí i lójú.

Òdòdó iwájú ilé, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan ló kàn án.

Ọjọ́ tí a fẹ́ rẹ́ ìpele tó kẹ́yìn, Màmá, àbúrò bàbá mi yẹn, jáde wá, wọ́n ní kí bíríkìlà gbé irin rẹ̀ kalẹ̀. "Ọwọ́ la fi ń rẹ́ ẹ." Wọ́n bu amọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ, wọ́n ra á bọ̀. Gbogbo wa bá wọn ki ọwọ́ bọ amọ̀, títí kan ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ògiri apá ìwọ̀-oòrùn ló kù, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.