Bí mo ṣe fi ẹ̀yà àlòkù tún kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù mi tò ní Àgbádárìgì

Òòfà tí mo yọ nínú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ni mo mú dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì Sẹ̀mẹ̀. Mo ti pinnu pé n kò ra kẹ̀kẹ́ onírin mọ́. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Àgbádárìgì ti jẹ méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Abẹ́ ìkejì jẹrà bíi bisikíìtì tó bọ́ sínú tíì. Èyí tí òòfà bá ti lẹ̀ mọ́, mo kọjá lára rẹ̀. Ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà ni kò lẹ̀: kẹ̀kẹ́ gbọọrọ aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń najú létí òkun, táyà rẹ̀ sanra, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún bí ìwo màlúù. Ríìmù ẹ̀yìn ti wọ́, ṣéènì ti dípẹtà, kò ní pẹ́dà, sàdù ti ya. Ọkùnrin náà pe ₦45,000. Mo ṣe gááfárà, mo fi òòfà hàn án, mo ní kó wò ó, irin kọ́ rárá. Ó ní ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ẹnu mi ló kó bá mi. A ná an títí, a parí ẹ̀ sí ₦30,000.

Tíṣà ni mí. Àjárá ni mò ń gbé, ilé ìwé wa ò sì jìnnà sí Marina. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ₦1,000 ni ọ̀kadà ń gbà lọ́wọ́ mi lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí ohun tí mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe.

Òpó sàdù ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Irin ni wọ́n fi ṣe òun, férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ tí òpó náà wọ̀ sínú rẹ̀, sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra tí omi iyọ̀ wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á máa yọ ìyẹ̀fun funfun kan bí ẹfun, ìyẹ̀fun yẹn á sì há òpó mọ́ inú bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mo fi háńmà lù ú, kò mira. Mo da kẹrosíìnì sí i, ó gba ọjọ́ méjì, ó kàn ń wò mí ni. Bàbá Rìpíà, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn ọjà Agbálátà, ní kí n gbé e wá kí àwọn fi iná sí i. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi iná sí i.” Irin á kọ́kọ́ pọ́n kí ó tó yọ́, ojú á sì rí i. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bó bá ti gbóná dé 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì (Celsius), ó di omi nìyẹn.

Omi híhó ni mo lò. Bí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń fẹ̀. Mo so aṣọ mọ́ òpó kí omi má bàa kàn án, mo wá ń da omi inú kẹ́tùlù yí ara férémù ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, aládùúgbò mi sì fi ráǹṣì páìpù gbá òpó mú. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ṣé ìkókó lẹ̀ ń wẹ̀ ni?” Kẹ́tùlù kejì la wà tí nǹkan dún kẹ̀ẹ̀, ìyẹ̀fun funfun tú jáde, òpó sì yí. Òpó òmíràn tí mo rí lórí àkìtàn irin láti fi rọ́pò rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ ju ihò lọ. Mo gé agolo mọ́ọ̀tì, mo wé e mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, mo fi gírísì pa gbogbo rẹ̀ kí n má bàa tún wẹ ìkókó lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, mo rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ olókè-ńlá (mountain bike) kan, ríìmù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ó ń dán. Mo san ₦5,000. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Rìpíà, họ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn àárín rẹ̀ tí àwọn sípóòkù ti ń jáde, fẹ̀ tó mílímítà 135, àyè tó wà lẹ́yìn férémù mi kò ju 110 lọ. Bàbá ní kò sí wàhálà. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lélẹ̀, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ lé apá kan, wọ́n fẹ́ fà á ya bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí kẹ̀kẹ́ onírin Raleigh láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Mo sáré di ẹsẹ̀ wọn mú.

“Tíṣà, kí ló dé?”

“Ẹ máa bínú sà. Irin máa ń tẹ̀, èyí máa là ni.”

Wọn ò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ohun tó kù ni ká tú ríìmù dídán yìí, ká fi hun họ́ọ̀bù àtijọ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi, nítorí họ́ọ̀bù yẹn ṣì yè: bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, á dúró. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò sípóòkù. Ti họ́ọ̀bù jẹ́ 36. Ti ríìmù, 32. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, n kò ka ihò kí n tó sanwó! Mo padà lọ bẹ ẹni tó tà á fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ka òmíràn fúnra mi.

Bàbá Rìpíà ló hun ún, mo sì ń wò wọ́n. Wọn ò ní ẹ̀rọ kankan. Wọ́n dorí kẹ̀kẹ́ kodò, wọ́n ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì wá nínú báàgì mi, wọ́n di ṣọ́ọ̀kì náà mú ṣinṣin sí ẹ̀gbẹ́ férémù, wọ́n yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ibi tí ríìmù bá ti yọ síta, ṣọ́ọ̀kì á fi funfun síbẹ̀. Wọ́n á fún sípóòkù tó wà ní òdì-kejì, wọ́n á dẹ ti ìhín díẹ̀, wọ́n á nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, wọ́n á tún un yí. Lẹ́yìn bíi ogójì ìṣẹ́jú, ṣọ́ọ̀kì ń kan ríìmù yíká láìfò ibì kan. Sípóòkù mélòó kan yọrí sínú. A fi fáìlì rẹ́ wọn kúrú, a fi rọ́bà tíúbù àtijọ́ tẹ́ orí wọn kí wọ́n má bàa gún tíúbù tuntun.

Ní ti táyà, Bàbá ní íǹṣì 26 ni íǹṣì 26. Wọ́n gbé táyà Raleigh tó kọ 26 × 1⅜ wá. Ó bọ́ sórí ríìmù bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kí ẹ máa kà: 590 ni tiwọn, 559 ni tèmi, mílímítà 31 ló fi jù ú lọ. Mo ra méjì tuntun, òun ló gbówó jù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Pẹ́dà náà ní irú ẹ̀tàn yìí, nítorí irin tí pẹ́dà ń dì mọ́ lára kẹ̀kẹ́ mi, tó jẹ́ ẹyọ kan láti ọ̀tún dé òsì, kì í gba pẹ́dà kẹ̀kẹ́ olókè-ńlá. Ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló wọ̀ ọ́. Ẹ sì rántí pé apá òdì ni pẹ́dà òsì máa ń dì sí.

Wẹ́dà àdúgbò wa fẹ́ bá mi jó kẹ́ríà mọ́ ọn. Rárá o. Kílíìpù tí wọ́n fi ń di páìpù omi ni mo fi so kẹ́ríà Raleigh àtijọ́ mọ́ ọn, mo fi rọ́bà tíúbù wé abẹ́ kílíìpù kọ̀ọ̀kan kí irin má bàa fara kan alumíníọ̀mù. Owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦64,000.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún, ó kù díẹ̀ kí n bá ara mi nínú ọ̀sà. Mo kọjá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845 nì, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, mo rí ewúrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, mo tẹ ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kàn ń yí lófìfo ni. Apá irin kékeré kan wà lára họ́ọ̀bù tó yẹ kí bóòtù dì mọ́ férémù. Òun ló ń mú kí bíréèkì rí ibi fẹ̀yìn tì. A ti gbàgbé bóòtù yẹn. Ewúrẹ́ fò, mo fi bàtà wọ́ ilẹ̀ títí mo fi dúró. Bàtà òsì lọ sí i.

Mo ti di bóòtù náà báyìí, mo sì fi nọ́ọ̀tì méjì há a. Ohun tó kù ni bíréèkì iwájú, nítorí táyà mi sanra, ọwọ́ èyí tí mo rí kò gùn tó láti gbá a mú. Bàbá Rìpíà ní àwọn á máa bá mi wò ó. Wọ́n ní bí àwọn bá rí i, àwọn á kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí kí n wá ka ihò rẹ̀.