Bí mo ṣe fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe fáíbà ní Kàbà

Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe ní Kàbà, bọ́ńpà mọ́tò, kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, irú ẹ̀ yẹn. Glass mat, ìyẹn okùn gíláàsì tí wọ́n tẹ́ pọ̀ bí aṣọ, tá à ń lò wọ́n, eruku ẹ̀ sì máa ń yún wa lára burúkú. Bẹ́ẹ̀ láti Ìyàrá títí dé Mópà, táwọn èèyàn wa bá ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ńṣe ni ìtì ẹ̀ máa jẹrà sóko. Mo bẹ bàbá kan pé kí wọ́n tọ́jú tiwọn fún mi, wọ́n ní ṣé mo ti ń sin ewúrẹ́ ni.

Mo bó ìtì yẹn ní ìpele-ìpele, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á títí tó fi ku okùn funfun gbọọrọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé o. Okùn yìí fẹ́ràn omi, résìn, ìyẹn oje kẹ́míkà tó máa ń dì mọ́ okùn tó sì máa ń le gbagidi, ò sì fẹ́ rí omi sójú, nǹkan bí ìda tún wà lára okùn náà tí kì í jẹ́ kí résìn dì í mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ ẹ́ sínú kọ́sítìkì sódà, gíráàmù 50 sí omi lítà 1. Sódà lẹ máa dà sómi o, ẹ má da omi lé sódà, ó lè ta sí yín lójú, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo ṣàn án títí tí kò yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, mo sá a, ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kankan.

Tó bá kan résìn, accelerator (èyí tó ń mú kó tètè le) ni mo kọ́kọ́ pò mọ́ ọn dáadáa kí n tó fi catalyst (èyí tó ń mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í le) sí i, bíi 1 sí 2 nínú 100. Ẹ má po àwọn méjèèjì yẹn pọ̀ lásán láéláé, ó lè bú gbàmù! Mo tẹ́ okùn náà ní ìbú àti òró sínú móòdù, ìyẹn ohun tó ń fún un ní ìrísí, tí mo ti fi wax pa kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ń fi résìn sí i, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe pátákó kékeré kan pẹ̀lú okùn tí ò rí sódà, mo ṣẹ́ ẹ, okùn inú ẹ̀ kàn yọ bọ̀rọ́ ni, èyí tó rí sódà já pẹ̀lú résìn ni, ìyẹn ni pé wọ́n di ara wọn mú. Inú mi dùn gan-an! Àwọn ará Jámánì ti ṣe nǹkan tó jọ ọ́ rí, òwú ló wà nínú bódì Trabant, mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ṣe láti 1957 dé 1991.

Glass ṣì lágbára jù ú lọ, mi ò ní fi ṣe bọ́ńpà. Kọ́fà ọ̀kadà ni mo fi ṣe, ó fúyẹ́, kò sì yún mi nígbà tí mò ń fi sandpaper fá a. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ bá ti gé e, ẹ fi résìn pa á kẹ́ ẹ tó kùn ún, torí ibẹ̀ lomi máa ń gbà wọlé.