Mimosa tó ń hó dànù, tó ń dùn jù, tó ń korò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọtí ni mò ń bójú tó ní pátì níbí ní Ìjẹ̀bú Òde, àti pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa tó ń wálé fún Ojúde Ọba ti ń béèrè mimosa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n fẹ́ fi ti àkàrà àti ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, ìbéèrè ò tán lọ́wọ́ mi. Mimosa ò ju wáìnì tó ń hó àti omi ọsàn lọ o, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Torí pé nǹkan méjì péré ló wà nínú ẹ̀, tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, ẹnu ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, Ṣágámù ni mo wà. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo ní kí n ṣe mimosa fún àwọn àlejò tó sùn sílé. Mo bu omi ọsàn sí gíláàsì, mo da wáìnì lé e, ló bá hó ru tó dà sórí aṣọ tábìlì, ìgbà tí ìfófó yẹn fi máa lọlẹ̀, ohun tó kù ò ta lẹ́nu mọ́ rárá, bíi mínírà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ sùn. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, ooru ló ṣe é. Wáìnì ẹ lè tutù lóòótọ́, ọsàn ńkọ́, gíláàsì ńkọ́? Gáàsì tó wà nínú wáìnì yẹn, ìtutù ló ń dá a dúró, tó bá ti pàdé nǹkan tó lọ́wọ́ọ́rọ́ á sá jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni, bí mínírà tó wà nínú mọ́tò tó pẹ́ lóòrùn ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ṣí i. Agbára tí gáàsì fi ń tì nínú ìgò ṣaǹpéènì, tó jẹ́ irú wáìnì tó ń hó kan, tó ìlọ́po 5 sí 6 ti afẹ́fẹ́ ìta, ó ju ìlọ́po méjì ti inú táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, torí náà kì í ṣe nǹkan à ń fi ipá dà. Gbé gbogbo ẹ̀ sínú fíríjì mọ́jú, odindi ọsàn, wáìnì, kódà gíláàsì fún bíi wákàtí kan.

Ìkejì, ṣó o sẹ́ omi ọsàn ẹ? Àwọn pàǹtí wẹ́wẹ́ inú omi ọsàn yẹn, ara wọn ni gáàsì ti ń dìde, bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ìfófó ṣe máa pọ̀ tó. Fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkẹta, wáìnì ni kó o kọ́kọ́ dà. Fi gíláàsì dùbúlẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, jẹ́ kí wáìnì máa gba ara ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, dúró kí ìfófó lọlẹ̀, kó o wá rọra da ọsàn sí i. Wàá rí i tí omi ọsàn á máa fà lọ sísàlẹ̀ bí èéfín, torí ó wúwo ju wáìnì lọ, ó máa po ara ẹ̀, má fi ṣíbí rò ó, ṣíbí yẹn ló ń lé gáàsì tó kù jáde. Kó o sì ṣan gíláàsì dáadáa kó tó ọjọ́ náà, ọṣẹ tó bá kù lára ẹ̀ máa ń ba híhó wáìnì jẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n, ìgò kan á sì tó ènìyàn mélòó?

Ìdáhùn: Ìdajì ìdajì. Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń po ọtí lágbàáyé kọ sílẹ̀ ni 75 ml wáìnì, 75 ml omi ọsàn. Ìgò 750 ml á wá fún ẹ ní gíláàsì 10. Èmi máa ń jẹ́ kí wáìnì pọ̀ díẹ̀ ju ọsàn lọ tí ọsàn bá dùn gan-an, tó bá wá di ìlọ́po méjì ọsàn, ọtí mìíràn tí wọ́n ń pè ní Buck's Fizz nìyẹn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1921.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, wáìnì tí wọ́n kọ extra dry sára ìgò ẹ̀ ni mo rà torí mo rò pé ṣúgà inú ẹ̀ ló máa kéré jù, ó wá dùn bíi ṣúgà. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Rárá o, orúkọ yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Èyí tí wọ́n kọ brut sára ìgò ẹ̀ ni kó o rà. Ṣúgà inú brut ò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, ti extra dry wà láàárín 12 sí 17, ti èyí tí wọ́n kọ demi-sec sí, tó tún dùn jù wọ́n lọ, á tó 32 sí 50, ọsàn náà sì tún ní ṣúgà tiẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fún ọsàn lálẹ́ kí n má bàa ṣe wàhálà láàárọ̀, ó dùn nígbà yẹn, àfi bó ṣe korò tílẹ̀ fi mọ́. Mọ̀mí mi ní ọsàn tí ò tíì pọ́n ni mo rà torí èèpo ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Mọ̀mí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèpo. Ọsàn wa lè pọ́n tán kí èèpo ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, torí òru ilẹ̀ wa ò tutù tó láti sọ ọ́ di pupa. Nǹkan kan wà nínú ọsàn tí kì í korò nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, tó bá ti wà nílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan ló ń yí padà, pàápàá tẹ́ ẹ bá lọ kóró mọ́ ọn nínú bùléńdà. Ẹ gbé odindi ọsàn sí fíríjì lálẹ́. Láàárọ̀, ẹ gé e sí méjì, ẹ fi ọwọ́ fún un, ẹ má fún un débi tí funfun inú ẹ̀ á fi máa já wọ inú omi.

Ìbéèrè: Wọn ò mú iná wá láti àná, àlejò sì ti ń bọ̀. Ṣé mo lè ju ìgò wáìnì sí fírísà aládùúgbò?

Ìdáhùn: Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ìgò lè fọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ ra yìnyín inú ọ̀rá, ẹ fọ́ ọ sínú báàfù, ẹ da omi àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, kí omi ẹ̀ mu ìgò dé ọrùn. Láàárín bíi 30 mínítì ó ti tutù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ nù ún gbẹ, àtàǹpàkò ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìdérí látìgbà tẹ́ ẹ bá ti tú wáyà, ẹ má kọjú ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ìgò ni kẹ́ ẹ máa yí, kì í ṣe ìdérí.

Ìbéèrè: Àlùfáà wà nínú àlejò wa, aboyún náà wà níbẹ̀. Kí ni kí n fún wọn?

Ìdáhùn: Omi èso àjàrà tó ń hó tí ò ní ọtí kankan, ẹ ka ara ìgò dáadáa. Òun fúnra ẹ̀ ti dùn, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kó lè ta lẹ́nu. Tábìlì tiwọn lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, pẹ̀lú jọ́ọ̀gì tiẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣi gíláàsì gbé torí àwọ̀ wọn ò yàtọ̀.