Bí kóòdù ìwọlé iṣẹ́ mi ṣe padà ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè
Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ìkànnì iṣẹ́ wa kò ti gba kóòdù onínọ́mbà 6 tí áàpù orí fóònù mi ń gbé jáde. Mo pa fóònù, mo tún un tàn, mo pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, pàbó ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Àṣé aago ni! Ọwọ́ ni mo fi yí i sí ti ibi tí mo dé, láì yí agbègbè àkókò (Time zone) padà, ìyẹn ni àkókò inú fóònù kò fi bá ti ìkànnì mu mọ́. Aago yẹn gan-an ni áàpù náà fi ń ṣírò kóòdù, ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30. Mo lọ sí Settings, mo tan Automatic fún aago àti agbègbè àkókò. Kóòdù tó tẹ̀lé e wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ SMS ni kóòdù tìrẹ fi ń wá, èyí lè má ràn ọ́ lọ́wọ́.