Tó Bá Jẹ́ Torí Bíà Lẹ Ṣe Ń Lọ Sílùú Kan, Àdúgbò Wo Ló Yẹ Kẹ́ ẹ Wọ̀ Sí?

Ibi tí wọ́n ti ń pọn bíà àti ibi tó dáa láti mu ún kì í sábà jẹ́ ibì kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìnrìn àjò torí bíà, wọ́n á ṣí máàpù, wọ́n á ní kó wá ilé ìpọntí fáwọn, ibi tí àmì pupa bá ti ṣù jọ jù, ibẹ̀ ni wọ́n á sáré lọ gba yàrá sí. Ẹ wo San Diego ní Amẹ́ríkà. Ní Miramar, ilé ìpọntí pọ̀ lọ súà, àmọ́ àdúgbò iléeṣẹ́ ni, ilé ìkẹ́rùsí lọ́tùn-ún, ilé ìkẹ́rùsí lósì, títì fífẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn látibì kan síkejì níbẹ̀, oòrùn á sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ wá lọ sí North Park nínú ìlú yẹn kan náà, ní òpópónà 30th Street, ẹ máa jáde nílé ọtí kan, ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó dé òmíràn, ilé oúnjẹ wà láàárín wọn, ilé táwọn èèyàn ń gbé ló sì yí wọn ká. Bíà tí wọ́n pọn lápá ibòmíì nílùú náà máa ń dé ibẹ̀. Bíà mọ ọkọ̀ wọ̀ o, ẹ̀yin ni kò yẹ kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mu ún.

Èmi o, ibi tí màá ti mu gíláàsì tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ti àkọ́kọ́ ò le, ojú ṣì dá, ara ṣì le, tíréènì àti bọ́ọ̀sì ṣì ń lọ, ẹ lè bá bíà dé ìpẹ̀kun ìlú tó bá wù yín. Aago mọ́kànlá alẹ́ lọ̀rọ̀ wà, nígbà tó ti rẹ̀ yín, tí òjò ń ṣú, tí ẹnì kan nínú yín ti ń sọ pé ká mu ẹyọ kan sí i. Torí náà ẹ wá ilé ọtí kan tó dáa gan-an, tó ń pẹ́ kó tó tilẹ̀kùn, tí kò ní sú yín tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń débẹ̀ lálaalẹ́, ẹ fìyẹn ṣe àárín, kẹ́ ẹ wá wá yàrá tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń rìn dáadáa máa ń lo bí ìṣẹ́jú méjìlá fún kìlómítà kan, tó bá dalẹ́ tẹ́ ẹ ti mu ó máa lé sí i, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kọjá mítà 800. Ìgbà yẹn lẹ tó wá máa wo àwọn ilé ọtí mí ì tó bọ́ sínú mítà 800 yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí mẹ́rin tàbí márùn-ún gidi, ó ti tó. Ẹni tó ń wá ogún, ṣé ikùn ẹ̀ gba ogún ni?

Ẹ má gba máàpù gbọ́ tán ṣá. Ó lè sọ pé mítà 500 ló wà láàárín hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí, àfi kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé odò ló wà láàárín, tàbí ojú irin, tàbí ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ nítòsí. Ẹ tẹ àmì ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, iye ìṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ wò ó ní lílọ kẹ́ ẹ tún wò ó ní bíbọ̀, torí òkè. Žižkov ní Prague, ilé ọtí kún ibẹ̀ fọ́fọ́, bíà ibẹ̀ ò sì wọ́n tó ti àárín ìlú àtijọ́ níbi táwọn àlejò ń ṣù sí, àmọ́ òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ̀pọ̀ títì ẹ̀, tí orúnkún bá ń dun ẹnì kan nínú yín, Vinohrady tó fara kàn án lẹ máa kọ́kọ́ rò. Prague tiẹ̀ dáa ní ti pé tráàmù alẹ́ ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí reluwé abẹ́ ilẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́. Gbogbo ìlú kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Street View, ìyẹn fọ́tò títì tó wà nínú máàpù Google, ẹ fi fóònù rin títì yẹn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà: ṣé ibi tẹ́lẹ́sẹ̀ ń gbà wà, ṣé òpó iná wà, ṣé ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀ àwọn ilé àbí ògiri gbọọrọ lásán tí kò ní fèrèsé. Fún Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, ìkànnì Walk Score máa ń fún àdúgbò ní máàkì látorí 0 dé 100, tó bá ti lé ní 90 ó dáa gan-an nìyẹn, àmọ́ bí ṣọ́ọ̀bù àti ọgbà ìtura ṣe sún mọ́ra ló ń kà, kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣeé rìn láago méjìlá òru.

Irú bíà tí wọ́n ń mu nílùú yẹn náà wà lára ohun tó máa sọ bẹ́ ẹ ṣe lè rìn jìnnà tó. Gíláàsì kan Altbier (tàbí Alt), bíà ìbílẹ̀ Düsseldorf ní Jámánì, sẹ̀ǹtílítà 25 ni, agbára ẹ̀ ò kọjá nǹkan bí 4.8%, ògidì ọtí inú ẹ̀ jẹ́ bíi mìlílítà 12. Ìgò tripel kan, irú bíà líle kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, sẹ̀ǹtílítà 33 péré, tó bá jẹ́ 9.5%, mìlílítà 31 ló wà níbẹ̀, ìyẹn lé ní gíláàsì Alt méjì àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ tó rẹwà ni wọ́n á fi gbé e wá bí ẹni pé nǹkan ṣeréṣeré ni. Ìlú tí bíà ẹ̀ fúyẹ́, ẹ lè wọ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀. Èyí tó bá le, ẹ súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ìlú wo ló rọrùn jù fún ẹni tí kò ṣe irú ìrìn àjò yìí rí, Bamberg ni màá sọ, ní Jámánì. Ìlú kékeré ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú tíréènì, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ ti dé Obere Königstraße, Spezial rèé lápá kan títì, Fässla rèé lápá kejì, wọ́n kọjú síra wọn gbọnmọgbọnmọ, àwọn méjèèjì ló ń pọn ọtí tiwọn, àwọn méjèèjì ló sì ní yàrá fún àlejò. Tí àyè bá wà ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ gbà á, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí bó ti wù kí alẹ́ yẹn rí, ìrìn àjò ilé ò ju àtẹ̀gùn lọ. Lójú ọ̀sán ẹ rọra kọjá odò lọ sílùú àtijọ́, Schlenkerla wà ní Dominikanerstraße lábẹ́ òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta bíà eléèéfín: iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà bálì kí wọ́n tó pọn ọ́n, látinú àgbá onígi ni wọ́n sì ti ń tú u sínú gíláàsì. Àkọ́kọ́ lè ṣe yín bákan o, ẹ ní sùúrù dé ìkejì. Spezial náà ń ṣe eléèéfín, tiwọn rọlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì lè jẹ́ pé òun ló yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá dìrọ̀lẹ́, ẹ gba ọ̀nà Wunderburg, ilé ìpọntí Mahrs Bräu àti Keesmann tún kọjú síra níbẹ̀ bákan náà, ibẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ síbi táwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Gbogbo ohun tí mo kà yìí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Düsseldorf, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Nínú Altstadt, ìyẹn ìlú àtijọ́ ibẹ̀, nìkan ẹ máa rí Uerige, Füchschen, Schlüssel àti Kürzer, gbogbo wọn ń pọn Alt, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ẹni tó ń gbé ọtí kiri ò ní bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́, tí gíláàsì bá ti gbẹ òmíràn ló ń bọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá gbé páálí tí wọ́n ń gbé gíláàsì lé bo ẹnu gíláàsì yẹn, ìgbà yẹn ló máa tó mọ̀ pé ó tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Köln náà nìyẹn. Ibi tí mò ń lọ ni pé Altstadt dáa fún mímu, kò dáa fún sísùn, òpin ọ̀sẹ̀ ibẹ̀ ariwo ni mọ́jú, àwọn tó ń ṣe àpọ́n kẹ́yìn kí wọ́n tó gbéyàwó máa ń ya wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Carlstadt ni kẹ́ ẹ wọ̀ sí, ó lẹ̀ mọ́ Altstadt níhà gúúsù, ó parọ́rọ́, Uerige sì wà nítòsí ẹnu ààlà yẹn gan-an. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá níbikíbi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ariwo.

Brussels: ilé ìpọntí tí gbogbo ayé ń wá lọ síbẹ̀ ni Cantillon, ó wà ní Anderlecht, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ reluwé Midi, ọdún 1900 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣí di alẹ́, torí náà kí lẹ fẹ́ wá yàrá sí tòsí ẹ̀ ṣe? Apá Place Fontainas sí Bourse ni kẹ́ ẹ wò, ilé ọtí Moeder Lambic wà ní Fontainas yẹn, wọ́n sì ti gba ọkọ̀ kúrò lójú títì ńlá Anspach látọdún 2015, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín báyìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Bermondsey lọ̀rọ̀ wà, ilé ìpọntí The Kernel bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2009, àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n to ara wọn sábẹ́ afárá reluwé títí lọ. Sátidé ni ọjọ́ ibẹ̀. Ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ máa bá ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn irin ní títì.

Èyí tó mú mi dórí ọ̀rọ̀ aago. Ilé ọtí tí àwọn tó ń pọntí ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n máa ń tètè tì, àwọn mí ì ò tiẹ̀ ń ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Túsìdeè, ilé ìpọntí ìdílé ní Jámánì náà máa ń ní ọjọ́ ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá, ẹ mú ilé ọtí márùn-ún tẹ́ ẹ yàn yẹn, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí kálukú ń ṣí sílẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Àdúgbò tó dà bí ọ̀run lórí máàpù lè ṣófo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ débẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé bíà ibẹ̀ dáa láìtíì débẹ̀? Iye tápù, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbà tú bíà, ò túmọ̀ sí nǹkan kan fún mi, kódà tí mo bá rí ibi tó ní tápù 60, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé ta ló ń mu gbogbo ẹ̀, torí bíà tí wọ́n fi họ́ọ̀pù púpọ̀ ṣe, ìyẹn òdòdó tó ń jẹ́ kí bíà korò kó sì ta sánsán, kì í pẹ́ kí adùn ẹ̀ tó ṣá, àgbá tó bá ti pẹ́ lórí ẹ̀rọ, tiẹ̀ ti tán. Tápù 12 tí wọ́n ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́ sàn jù. Ẹ ṣí Untappd, áàpù táwọn èèyàn ti ń sọ bíà tí wọ́n mu, ẹ wá orúkọ ilé ọtí yẹn, ẹ má wo máàkì, ẹ wo ọjọ́ táwọn èèyàn mu bíà níbẹ̀ àti fọ́tò tí wọ́n yà. Tí gbogbo fọ́tò bá jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wá fẹ fọ́tò yẹn sókè kẹ́ ẹ wo gíláàsì: tí hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì nínú bíà, lábẹ́ ìfófó, gíláàsì yẹn ò mọ́, òróró tàbí ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀. Gíláàsì tó mọ́, bẹ́ ẹ ṣe ń mu ni ìfófó á máa fi ìlà sílẹ̀ yípo lára ẹ̀, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ gbé e sẹ́nu. Ẹni tí kò lè fọ gíláàsì, ṣé ọ̀pá inú ẹ̀rọ tẹ́nì kankan ò rí ló máa fọ̀, tó yẹ kó máa fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì? Bíà tó bá ń kan díẹ̀ tàbí tó ń rùn bíi bọ́tà nígbà tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àtibẹ̀ ló ti sábà máa ń wá.

Owó yàrá ò le, ẹ kàn fi owó táàsì alẹ́ kún owó hòtẹ́ẹ̀lì tó jìnnà kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbà á, ẹ sọ fún wọn pé yàrá ẹ̀yìn lẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tó kọjú sí títì, kẹ́ ẹ sì béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé lóru, torí ọ̀pọ̀ ilé àlejò kéékèèké ò ní ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń fún èèyàn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó jáde lọ mu ti àkọ́kọ́.