Ẹ̀rọ ìfọbọ́ tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò kan tó ń gbé ní Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé sí mi. Ìyá arúgbó kan ló ni ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àwọn ọmọ ìyá náà ló tà á lẹ́yìn tí ìyá dolóògbé. Ó bá ẹ̀rọ ìfọbọ́ kan, èyí tó ń fọ abọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ KitchenAid, nínú ilé ìdáná, rìsíìtì tí ìyá tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ sì sọ pé ọdún 1975 ni wọ́n rà á. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí omi ti kan inú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ títún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ni mo fi ń jẹun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la sì fi ń kọ̀wé síra wa. Mo kó ìbéèrè rẹ̀ àti èsì mi jọ síbí nítorí pé àwọn mìíràn náà ń bi mí ní irú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tan ẹ̀rọ náà, ó kàn ń kùn ni, kò yí. Mo tún un tàn lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Ìyàwó mi ní kí n pe àwọn tó ń kó pàǹtí kí wọ́n wá gbé e lọ. Ṣé ó ti kú ni?

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tan án mọ́. Ẹ̀rọ tó ń kùn kò tíì kú. Kíkùn yẹn fi hàn pé iná ń dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àmọ́ nǹkan kan dì í mú. Oríṣi wáyà méjì ni wọ́n wé sínú ẹ́ńjìnnì yẹn: ọ̀kan ló ń ta á jí, èkejì ló ń mú kó máa sáré lọ. Èyí tó ń ta á jí kò gbọdọ̀ rí iná ju ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lọ. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, tí iná kò sì kúrò lára wáyà yẹn, yóò gbóná títí yóò fi jó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jó ẹ́ńjìnnì kan báyìí nínú ilé bàbá kan tó fọkàn tán mi. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ kíkùn yẹn, ọwọ́ mi á ti sáré dé ibi tí wọ́n ti ń pa iná.

Ohun tó dì í mú kò ju rọ́bà àti òrùka kékeré tó wà láàárín páńpù àti ẹ́ńjìnnì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀. Òrùka dúdú kan tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe ló ń fara ra òrùka funfun tó le bí àwo, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n mọ́ra. Omi ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Nígbà tí omi gbẹ, ẹfun inú omi àti ọṣẹ gan mọ́ àárín wọn, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Pa bíréékà ẹ̀rọ náà níbi tí iná ilé ti ń pín, kí o sì fi mítà tó ń wọn iná dán wáyà wò pé iná ti kúrò lóòótọ́. Má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára bíréékà, mo ti rí ilé tí wọ́n ti kọ ọ́ gbòdì. Yọ pátákó irin ìsàlẹ̀ iwájú ẹ̀rọ. Wàá rí ẹ́ńjìnnì, àti fáànù kékeré ní ìdí rẹ̀. Bu omi gbígbóná sínú kòtò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, níbi tí omi ti ń wọ páńpù, títí yóò fi kún un. Fi ife fínígà funfun méjì sí i, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fi ìka yí fáànù yẹn díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Má fi irin tì í, abẹ fáànù àtijọ́ ti gbẹ, kíá ló ń ṣẹ́. Bí kò bá gbọ́, bu omi gbígbóná mìíràn sí i kí o tún fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni o.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè fi sílẹ̀. Bí o bá rí nǹkan róbótó kan tó dà bí agolo mílíìkì lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, kapásítọ̀ ni. Ó lè tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí o ti pa bíréékà, nítorí náà má fọwọ́ kan ibi méjèèjì tí wáyà ti wọ orí rẹ̀. Ọdún 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe PCB, òróró olóró kan tí wọ́n máa ń rọ sínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tìrẹ ṣáájú òfin yẹn. Bí agolo náà bá wú tàbí tí òróró ń sun lára rẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́, dì í sínú ọ̀rá, kí o gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ìdọ̀tí olóró. Kapásítọ̀ tuntun kò wọ́n. Jẹ́ kí iye microfarad rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú, bá ti àtijọ́ mu, kí iye fóltì rẹ̀ má sì dín.

Ìbéèrè: Ó yí o, ẹ̀gbọ́n! Alẹ́ méjì ni mo fi rẹ ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ó le bí òkúta, nígbà tó yá mo gbọ́ tó dún "kẹ́ẹ́" lábẹ́ ìka mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́. Ṣé kí n ṣí omi ilé sí i báyìí?

Inú mi dùn gan-an. Mo mọ "kẹ́ẹ́" yẹn dáadáa. Àmọ́ má tíì ṣí omi ilé sí i. Rọ́bà tó ti wà ní gbígbẹ fún ọdún mẹ́sàn-án lè jẹ́ kí ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ kún fún omi kí o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, abẹ́ pátákó ilẹ̀ ni omi yẹn á sì sá sí.

Tú u kúrò lábẹ́ káńtà. Súkúrù méjì ló sábà máa ń dè é mọ́ òkè, lẹ́yìn náà páìpù omi, họ́òsì tó ń da omi nù, àti wáyà iná. Ya fọ́tò wáyà kọ̀ọ̀kan kí o tó tú u. Gbé ẹ̀rọ náà sórí búlọ́ọ̀kù nínú gáréèjì, kí o tẹ́ ìwé ìròyìn sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Da omi gálọ́ọ̀nù méjì sí i pẹ̀lú ike, láìfi ọṣẹ kankan sí i, kí o sì máa wo ìwé ìròyìn náà fún wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná fún ìṣẹ́jú méjì, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹsẹ̀ kẹta tó wọ ilẹ̀, tó sì ní bọ́tìnnì tó ń pa ara rẹ̀ bí iná bá ń jò.

Ibi tí ìwé bá ti kọ́kọ́ tutù ni kí o kọ ránṣẹ́ sí mi.

Ìbéèrè: Ibi méjì ni. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, omi kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní wákàtí kan. Ní iwájú lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló tutù.

Ti ẹ́ńjìnnì ló jẹ mí lógún jù. Òrùka méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nígbà mìíràn, bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n á ha ara wọn dán, omi á sì dáwọ́ dúró. Dán an wò bẹ́ẹ̀ nínú gáréèjì. Bí ó bá ṣì ń kán, pààrọ̀ wọn. Má sọ pé ó kéré: orí ibi tí irin ẹ́ńjìnnì ti ń yí ni omi yẹn ń bọ́ sí, yóò dógùn-ún, nígbà tó bá yá ariwo rẹ̀ á kún gbogbo ilé, ẹ́ńjìnnì yẹn náà á sì lọ. Wo àwo irin kékeré tó wà létí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KD. Nọ́ńbà yẹn ni wàá fi wá ẹ̀yà tí ẹnìkan ti tọ́jú pamọ́ láti ayé ọjọ́un. Bí o kò bá rí i, mú ògbólógbòó òrùka náà lọ bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà páńpù omi, kí wọ́n wọn bí irin àárín ṣe nípọn tó àti bí ojú ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ.

Ti ilẹ̀kùn rọrùn. Fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà rẹ̀, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri kó rọ̀, kí o fi gíríìsì silicone tí kò léwu fún oúnjẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Má fi Vaseline pa á, ó ń mú rọ́bà wú. Lẹ́yìn náà, fi bébà pélébé há ilẹ̀kùn, pa á dé, kí o fà á. Ibi tí bébà bá ti yọ wọ̀ọ̀ ni omi ń gbà jáde.

Ìbéèrè: Mo ti gbé e padà, kò jò mọ́. Àmọ́ omi ilé kò wọlé, àfi kó máa dún "zìì" lábẹ́.

Fáàfù omi ni. Ó ń gba iná, ìdí nìyẹn tó fi ń dún, àmọ́ ìdọ̀tí ti dí asẹ́ rẹ̀ tàbí kó ti gan. O lè fọ asẹ́ náà, ṣùgbọ́n èmi kì í tún fáàfù àtijọ́ lò. Fáàfù tó bá kọ̀ láti ṣí kò ní ju pé abọ́ kò mọ́ lọ, èyí tó bá kọ̀ láti padé ló ń ba ilé jẹ́. Ra tuntun.

Kí o tó rà á, ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ti àtijọ́: iye gálọ́ọ̀nù tó ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Táímà ẹ̀rọ rẹ kò mọ ìgbà tí omi tó. Àkókò nìkan ló ń kà, tí àkókò bá pé á pa omi. Bí fáàfù tuntun bá ń yára ju ti àtijọ́ lọ, omi á pọ̀ jù. Bí ó bá ń lọ́ra, páńpù á máa mu afẹ́fẹ́, abọ́ òkè kò sì ní rí omi.

Ìbéèrè: Ó ń fọ abọ́ báyìí, àmọ́ ife ń funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Epo pupa náà kò kúrò lára ike.

Ẹ̀rọ náà kọ́ ló lẹ́bi, ọṣẹ ni. Láti ọdún 2010 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fòfin mú phosphate kúrò nínú ọṣẹ ẹ̀rọ ìfọbọ́, nítorí bó ṣe ń ba odò jẹ́. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ní phosphate ni ẹ̀rọ rẹ mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, òun ló ń di ẹfun inú omi mú kó má lẹ̀ mọ́ ife.

Ọṣẹ oníyẹ̀fun ni kí o lò, má lo oníhóró. Ihò ọṣẹ méjì ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń bu omi, ó ń fọ, ó ń dà á nù, ó tún ń bu òmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí o bá ju ọṣẹ oníhóró sílẹ̀ ẹ̀rọ, omi àkọ́kọ́ ló máa yọ́ ọ dànù, nígbà tí fífọ̀ gan-an bá sì dé, omi lásán ló kù. Bu ìyẹ̀fun sí ihò méjèèjì. Kí o tó tan ẹ̀rọ, ṣí omi gbígbóná níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ títí á fi gbóná dáadáa, kó tó bí 120 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, nítorí páìpù ló máa ń kún fún omi tútù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, da ṣíbí mẹ́ta citric acid sínú rẹ̀ láìsí abọ́, kó fọ ara rẹ̀.

Fi bébà nu epo pupa kúrò lára ike kí o tó kó o sínú ẹ̀rọ. Ha ẹ̀gúsí náà kúrò, kòró rẹ̀ ń dí ojú ihò apá tó ń wọ́n omi.

Ìbéèrè: Inú àgbá rẹ̀ hó níbi méjì, mo rí irin pupa. Ìyàwó mi sì tún ń béèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀ láti tọ́jú.

Tánganran ni inú àgbá yẹn, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń tọ́jú sórí pẹpẹ. Fi yanrìn bébà ha ìpẹtà náà títí irin á fi dán, jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí o fi epoxy tí wọ́n ń fi tún ọpọ́n ìwẹ̀ ṣe dí i. Fún un ní àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó fi le, má kánjú.

Sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ nípa omi. Láti ọdún 2013, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rọ ìfọbọ́ ńlá tuntun kò gbọdọ̀ lò ju gálọ́ọ̀nù 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Irú tìrẹ lè lo ìlọ́po méjì rẹ̀, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó omi bá wọ́n ládùúgbò yín, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àmọ́ sọ èyí náà fún un. Ìpínlẹ̀ yín gan-an, ní Shelbyville, ni Josephine Cochrane ti ṣe ẹ̀rọ ìfọbọ́ tirẹ̀, tó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1886, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó gbé e lọ síbi àfihàn àgbáyé ní Chicago lọ́dún 1893. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Hobart lọ́dún 1926, orúkọ KitchenAid ni Hobart sì fi tà á fún àwọn onílé láti ọdún 1949. Ẹ̀rọ tó wà nílé yín, ọmọ-ọmọ tìyá yẹn ni. Súkúrù ni wọ́n fi dè é, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tú, kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fi pamọ́.

Ìbéèrè: Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn rèé. Bí a bá ra tuntun níjọ́ kan, ṣé mo lè fi èyí ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn?

Má fi ránṣẹ́ o. Iná rẹ̀ jẹ́ fóltì 120, tilé jẹ́ 230. Wàá ní wàá ra tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà á dín fóltì kù lóòótọ́, àmọ́ iná Amẹ́ríkà ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tilé ń ṣe é nígbà 50, tiransifọ́mà kò sì lè yí ìyẹn padà. Ẹ́ńjìnnì á máa falẹ̀, á máa gbóná, ohun tó yẹ kó fi wákàtí kan ṣe á di ìṣẹ́jú 72 nítorí pé táímà náà á falẹ̀.

Omi tún ńkọ́? Irú fáàfù yẹn ń fẹ́ omi tó ń tì í pẹ̀lú agbára psi 20 ó kéré tán. Táńkì tó wà lórí irin tó ga ní mítà 6 kò lè fún un ju bíi psi 8 lọ. Wàá nílò kí táńkì màmá ga tó mítà 14, tàbí kó ní ẹ̀rọ tó ń ti omi. Omi gbígbóná ló sì tún ń retí láti ara ògiri.

Bí màmá bá fẹ́ ẹ̀rọ ìfọbọ́, ra èyí tí wọ́n ṣe fún fóltì 230 àti iná tó ń lọ, tó ń bọ̀ nígbà 50, tó ń mú omi tútù gbóná fúnra rẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ bi wọ́n nílé bóyá omi ẹ̀rọ wọn ní páńpù.